Ajá Tó Gbọ́ Ohùn Igi

Àjà kẹrin ni wọ́n ń gbé, nínú ilé alájà márùn-ún kan tí kò ní lífìtì. Àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́rin ni èèyàn yóò gùn kó tó kan ilẹ̀kùn wọn. Obìnrin náà kì í kà wọ́n mọ́. Orúnkún rẹ̀ ló ń bá a kà wọ́n. Aránṣọ ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń rán aṣọ ìgbéyàwó. Yàrá ìránṣọ ilé ìwòsàn ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógún, níbi tí wọ́n ti ń lẹ aṣọ ìbùsùn tó ya, tí wọ́n ń rọ́pò okùn ẹ̀wù àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣọ ìbùsùn, àfi ọjọ́ tó bá ya lábẹ́ aláìsàn ni wọ́n á tó béèrè ẹni tó rán an.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, Baba Gedú sì ni orúkọ tí iṣẹ́ fún un. Bí wọ́n bá gbé pákó wá bá a, kì í kọ́kọ́ wò ó. Á fi egungun ìka gbá a, á dẹ etí sí i. Èyí tó bá dún bí ilẹ̀kùn ilé òfìfo, kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀. Èyí tó bá dún wúyẹ́, omi ṣì wà lára rẹ̀. Èyí tó bá dún kó, tó mọ́, tó gan, ìyẹn ló ń rà. Bí ẹni tó ń ta pákó bá ń búra, á ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé èèyàn ló ń purọ́, igi kì í purọ́.

Ọjọ́ kan tó ń lẹ ẹsẹ̀ tábìlì ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún di ohun tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ahọ́n sì wà lẹ́nu bí ẹran lásán. Fún oṣù mẹ́ta, ńṣe ni ìyàwó rẹ̀ ń méfò. Á gbé omi wá, tíì ni ọkọ rẹ̀ fẹ́. Á ṣí fèrèsé, á sì rí i pé òtútù ló ń mú un. Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì mú ègé igi kékeré kan, àjẹkù tábìlì tí kò parí yẹn, tó sì fi kan apá àga tó jókòó lé. Kó. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. Ó bi í bóyá omi ni. Kó-kó. Tíì ńkọ́? Kó-kó-kó.

Bí wọ́n ṣe rí èdè nìyẹn. Ẹyọ kan túmọ̀ sí wá. Méjì, rárá, fi í sílẹ̀. Mẹ́ta, ó dára, o ṣeun. Nǹkan mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n ẹni méjì tó ti bá ara wọn gbé fún ọdún mẹ́rìndínlógójì lè fi nǹkan mẹ́ta sọ ọ̀pọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń fi bá ara wọn jà. Bí Baba bá ti kan méjì-méjì léraléra, tí ìró rẹ̀ ń yára, Ìyá Aránṣọ á dáhùn láti ẹ̀yìn ìkòkò pé kí ó rọra, pé ẹnì kan kò ní fi igi bú òun nínú ilé òun.

Nísàlẹ̀ wọn gan-an, ní àjà kẹta, ni opó kan ń gbé tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ atẹ̀wé. Ìyá Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó fi orúnkún tó ń ro ó gun òkè wá láti béèrè bóyá wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lé òun lórí ni. Nígbà tó rí ọkùnrin náà lórí àga, ó jókòó, kò lè bínú mọ́. Láti ọjọ́ náà, ìró igi di aago rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ kó láàárọ̀, òun mọ̀ pé aládùúgbò òun jí.

Lára ògiri ọ̀nà yàrá oúnjẹ ilé ìwòsàn ni Ìyá Aránṣọ ti rí ìwé àwọn ajá. Ilé ìtọ́jú ajá tó wà lẹ́yìn ìlú ti kún. Wọ́n ń wá àwọn tí yóò gba ajá tọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí ajá lè mọ bí a ṣe ń gbé inú ilé kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò mú un pátápátá. Kò fẹ́ràn ajá rí. Ohun tó mú un dúró níwájú ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì tó ń na ẹsẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ sọ, pé bí Baba kò bá rí ohun tí yóò mú un dìde lórí àga, àga yóò di ara rẹ̀. Ó lọ bá onílé. Onílé ní oṣù mẹ́ta kò burú, bí ó bá ti kọjá mẹ́rin, òun yóò wá a wá.

Ajá tí wọ́n mú wá fún un ní àwọ̀ ìpẹtà, ẹsẹ̀ gbọọrọ, etí kan dúró, èkejì wó. Ó ń fo sókè bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣe àkóso ilé ajá kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé ni wọ́n ti rí i, wọ́n so ó mọ́ irin. Ilé méjì ló ti dá a padà. Ilé àkọ́kọ́, ó jẹ àga onítìmùtìmù tán dé igi. Ilé kejì, ó fò mọ́ ìyá àgbà, ìyá àgbà ṣubú.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí, mà," ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà wí. "Èyí tí ilé mẹ́ta bá dá padà, a kì í fi í fún ẹnikẹ́ni mọ́. A ò sì ní ibi tí a máa tọ́jú ẹ̀ sí."

Kò sọ ìyókù. Ìyá Aránṣọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn; ó mọ oorun tí abẹ́rẹ́ ń fúnni. Ó béèrè orúkọ ajá. Wọ́n ní nọ́ńbà ló ní.

"Kó máa jẹ́ Ẹ̀sọ̀," ló wí. "Bóyá á gbọ́."

Kò gbọ́. Obìnrin tó máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé òkè, ọjọ́ yẹn kò sinmi rárá. Ajá ló fà á gòkè. Kí ó tó ti ilẹ̀kùn, Ẹ̀sọ̀ ti fa kọ́tìnì wálẹ̀, ó ti jẹ búrẹ́dì tòun ti ọ̀rá rẹ̀, ó sì ti dúró sórí tábìlì, ó ń wo ìgboro láti ojú fèrèsé bí alága ìjọba ìbílẹ̀. Ohùn Ìyá Ìsàlẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ẹṣin ni wọ́n rà. Ajá fò kúrò lórí tábìlì, ó sáré bá Baba, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé itan rẹ̀ tó ti kú. Baba mú igi. Kó-kó.

Ajá dúró gbagidi. Etí tó wó dìde. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà, ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì jókòó. Baba Gedú rẹ́rìn-ín. Ìdajì ẹnu ló fi rín in, nítorí ìdajì kejì kò lè gbéra, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Ìyàwó rẹ̀ tó di kọ́tìnì mú lọ́wọ́ gbàgbé ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Báyìí ni ilé wọn ṣe yí padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Ìyá Aránṣọ á ti mú ajá sáré yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mẹta, á tún mú un jáde bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Láàárín ọ̀sán, Baba àti ajá ni wọ́n jọ ń wà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ajá náà tó fi mọ apá tó kú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa ń dúró sí, tí Baba á fi ara tì í, tí wọ́n á jọ rìn láti ìdí àga dé ojú fèrèsé. Ní oṣù kejì, wọ́n ń dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹta, wọ́n ń dé orí àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì tó ń na ẹsẹ̀ béèrè irú oògùn tí wọ́n ń lò. Ìyá Aránṣọ ní oògùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni.

Ó ń kọ́ ajá lẹ́kọ̀ọ́ bí ilé ajá ṣe ní kí wọ́n kọ́ ọ. Á dúró láàárín pálọ̀, á ní, "Ẹ̀sọ̀, wá." Ajá á wá. Á ní, "Fi í sílẹ̀." Ajá á fi bàtà sílẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Bí wọ́n bá jáde, ajá kì í gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, á máa fa okùn bí ẹni tí wọ́n ń lé; obìnrin náà sì di ẹ̀bi náà ru ariwo títì. Nínú ìwé tí ilé ajá fún un, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé ajá yìí mọ wá, ó mọ jókòó, ó mọ fi í sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọkàn funfun.

Ẹni tó fẹ́ mú ajá yọjú. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, ọkùnrin gíga kan tó ní ilé tó ní ọgbà lẹ́yìn, tó ń sáré láràárọ̀, tó sì ń wá ajá tí yóò bá a sáré. Bí ẹni pé wọ́n dìídì dá a fún Ẹ̀sọ̀ ni. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò pàdé ní ọgbà ilé ajá, kí ọ̀dọ́mọbìnrin náà lè dán ajá wò. Òfin wọn ni pé ajá tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ rí, wọn kì í fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Tíṣà pè é. Ajá ń gbọ́ òórùn koríko. Ó ní kó jókòó, ajá ń sáré yí igi ká. Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ pè é, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta; ajá kò tilẹ̀ yí ojú. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo obìnrin náà.

"Mà, ajá yìí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

Ojú ti Ìyá Aránṣọ gan-an. Tíṣà ló gbà á sílẹ̀. Ó ní òun ti kọ́ ọmọ ènìyàn tó le ju èyí lọ, pé kí wọ́n fún ìyá ní oṣù kan sí i, òun yóò dúró. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọ ọjọ́ sínú ìwé. Ó ní bí oṣù kan bá pé tí kò bá yàtọ̀, a jẹ́ pé ilé kẹta nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n délé, obìnrin náà dúró láàárín pálọ̀ láìbọ́ bàtà, ó ní, "Ẹ̀sọ̀, jókòó." Ajá kò wò ó. Ọwọ́ Baba ni ajá ń wò. Baba kan igi lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe, láti fi ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ajá jókòó.

Ibẹ̀ ni ó ti yé e. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, igi ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Òun kò gbọ́ ọ mọ́, nítorí ó ti mọ́ ọn létí bí mímí ara ẹni. Igi ni ajá ń gbọ́ ní tirẹ̀. Kì í ṣe ariwo títì rárá. Nínú ilé tí ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀ tí ẹnì kejì ń kan igi, èdè Baba ni ajá yàn.

Ó jókòó sórí àpótí ní iwájú ọkọ rẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgbà. Ó sọ pé bí ajá yóò bá gbọ́ ẹnu, ó di dandan kí igi... Kò lè parí rẹ̀. Ta ló fẹ́ bẹ ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti kú pé kó tún gé èyí tó hù padà? Ó mú ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn, ó ní bóyá kí òun lọ bẹ onílé kó jẹ́ kí ajá máa bá wọn gbé. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé onílé kò ní gbà.

Baba Gedú wo ajá. Lẹ́yìn náà, ó gbé igi sókè, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi í sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá àpò náà mọ́lẹ̀, bí ẹni tó bo nǹkan.

"Oṣù kan péré ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọjọ́ tó bá ti lọ, ẹ gba ẹnu yín padà. Bí nǹkan bá sì ṣe yín, ẹ fà á yọ, ẹ kàn án. Ẹ má ro ti ajá."

Ó sọ fún Ìyá Ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, kí ó má baà máa retí aago rẹ̀.

Ilé dákẹ́. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka sọ̀rọ̀. Ó ń gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ìka kì í dún. Bí ìyàwó rẹ̀ bá wà ní ilé ìdáná, ìka á dúró lókè títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fẹ́ lọ sí ilé ìtura, ìyàwó ń bá ajá jà lọ́dẹ̀dẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Igi wà ní àpò àyà rẹ̀. Kò fà á yọ. Nígbà tí obìnrin náà dé, àga ti tutù. Ó fọ ṣòkòtò náà, ó ń sunkún sínú ọṣẹ. Ó padà wá, ó ní ó tó, kí àwọn dáwọ́ dúró, ajá kọ́ ló bí àwọn. Baba gbé ìka sókè lẹ́ẹ̀mejì. Rárá.

Ẹ̀kọ́ náà ní apá méjì. Àkọ́kọ́ ni kí ajá mọ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ègé búrẹ́dì ni Ìyá Aránṣọ ń lò fún ìyẹn. Apá kejì ló le. Ajá ní láti mọ̀ pé ìró igi kì í ṣe ìpè mọ́, nítorí kò sí àdúgbò tí ẹnì kan kì í kan ìṣó. Nítorí náà, obìnrin náà á mú ṣíbí, á fi kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Bí ajá bá sáré wá, á kẹ̀yìn sí i. Bó bá dúró sí ibi tó wà, á fún un ní búrẹ́dì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ajá wá ní ìgbà ogún, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò mọ ohun tí òun ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kó dún, ajá gbé orí sókè, ó gbé e padà sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ fi kọ́ ọ pé kó má dáhùn.

Ìyá Ìsàlẹ̀ ń gbọ́ ṣíbí láti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kan tí wọ́n pàdé lórí àtẹ̀gùn, ó ní ìró yẹn kò jọ ti Baba, ó jọ ti ẹni tó ń rokà láìsí ìyẹ̀fun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òkè ti dákẹ́ jù, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti kó lọ. Ìyá Aránṣọ ní ó ku ọ̀sẹ̀ kan.

Òun náà ń rí i pé Baba ń kéré lórí àga. Wọn kì í dé orí àtẹ̀gùn mọ́, wọ́n ń dúró ní ojú fèrèsé. Ajá á wá, á fi imú ti ọwọ́ òsì tó wà lórí apá àga, ọwọ́ tó máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ náà kò ní gbéra. Ajá á dúró díẹ̀, á sì lọ sùn sí orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà ń ka ọjọ́. Ó ti ra ègé aṣọ rírọ̀ kan tí yóò lẹ̀ mọ́ apá àga, kí igi má baà ha á mọ́ bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni, ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó jáde ní aago méje. Ó bu tíì sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe lọ́rùn, ó sì nawọ́ sí ajá. "Ẹ̀sọ̀, dúró ti Baba." Ajá jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Inú dídùn ni obìnrin náà fi sọ̀kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ló padà dé. Ajá kò sáré wá sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀kọ́ náà ti wọlé pátápátá. Ajá wà níbi tó fi í sí, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin náà, ó ń wo obìnrin náà láìmira. Orí Baba tẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé. Tíì wà níbẹ̀, ó ku ìdajì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí apá àga, igi sì wà nínú ọwọ́ náà. Kò sí nínú àpò.

Dókítà tó wá sọ pé ọkàn ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, pé bí dókítà mẹ́wàá bá wà nínú pálọ̀ yẹn, wọn kì bá rí nǹkan kan ṣe. Ìyá Aránṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń gbọ́ tí àwọn dókítà ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn opó. Bóyá òótọ́ ni. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ìka gbá a wò.

Ìyá Ìsàlẹ̀ ló gòkè wá lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òkú lọ. Ó di ògiri mú títí ó fi jókòó. Kò wo ojú obìnrin náà.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. "Aago kan ti lù díẹ̀. Kó, ẹyọ kan."

Ìyá Aránṣọ gbé ife tíì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ àga.

"Mo ní ṣíbí yín ni. Mo tún rántí pé ẹ ò sí nílé. Mo wá ní bóyá ajá ló fẹ́ pè, pé ó ti sú u. Mo ń retí èkejì. Mo dìde, mo dúró sí ìdí ilẹ̀kùn mi, mo ń retí èkejì."

"Ẹ ò mọ̀," ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Ẹyọ kan túmọ̀ sí wá. Ẹ ti sọ fún mi pé ẹyọ kan ni wá."

Ohun tí kò sí ẹni tó lè sọ fún wọn ni ẹni tí ọkùnrin náà ń pè. Bí ó bá jẹ́ ajá, ṣé ajá dìde lọ bá a, kó tó wá gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, àbí ó dúró síbi tí wọ́n fi í sí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ? Ajá nìkan ló wà níbẹ̀.

Wọ́n sin ín. Ọmọ wọn obìnrin wá láti ìlú tó ń gbé, ó lo ọjọ́ márùn-ún. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé kí ìyá òun mú ajá mọ́ra, pé ilé yóò tóbi jù fún un. Onílé fúnra rẹ̀ gòkè wá, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ó ní kí ìyá gbàgbé ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́rin, kí ajá máa gbé bí ó bá wù ú. Ọ̀dọ́mọbìnrin ilé ajá pè, ó ní bí ó bá fẹ́, òun yóò kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ti tíṣà.

Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe wù ú tó. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ajá kì í fi ẹsẹ̀ àga sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti aago méje sí aago mẹ́rin ni obìnrin náà fi ń wà níbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ajá yóò bá rìn dé ojú fèrèsé mọ́. Ajá tó ń fo bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀ yóò máa dúró nínú pálọ̀ kan títí tí yóò fi dàgbà. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìyẹn ń di ẹrù, láìgbé ojú kúrò lórí aṣọ tó ń ká.

"Bàbá ẹ fi ẹnu wọn sílẹ̀ kí ajá yìí lè rí ilé. Bí mo bá mú un mọ́ra nísinsìnyí, kí ni wọ́n wá dákẹ́ fún?"

Ọmọ rẹ̀ bá a ká aṣọ tó kù.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pàdé ní ọgbà. Tíṣà pè é, ajá wá. Ó ní kó jókòó, ajá jókòó. Ó ju bọ́ọ̀lù, ajá gbé e, ó ní fi í sílẹ̀, ajá fi í sílẹ̀ lórí bàtà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fàmì sí ìwé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun kò rí iṣẹ́ tó dára tó báyìí rí lọ́wọ́ alágbàtọ́ kan. Ìyá Aránṣọ ní ó ṣeun.

Tíṣà béèrè bóyá nǹkan mìíràn wà tí ajá náà mọ̀ tó yẹ kí òun gbọ́. Igi wà nínú àpò obìnrin náà, ìka rẹ̀ sì wà lórí igi.

"Bí wọ́n bá ń kan ìṣó ládùúgbò yín," ló wí, "ẹ di okùn ẹ̀ mú dáadáa. Mo ti kọ́ ọ kó má lọ. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ó ti gbàgbé."

Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìdí ọkọ̀, ajá yíjú lẹ́ẹ̀kan. Kò wo ojú obìnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló wò, èyí tó wà nínú àpò. Obìnrin náà mú ọwọ́ náà dúró títí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fi pa dé.

Ọ̀sán gangan ló padà délé. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn, bó ṣe máa ń ṣe kí ajá tó dé. Ègé aṣọ rírọ̀ tó rà ṣì wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì. Ó jókòó, kì í ṣe sórí àpótí rẹ̀, sórí àga náà gan-an. Apá àga ti jẹ níbi tí igi ti ń bá a, ihò wẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́, ó pọ̀. Ó mú igi jáde láti wò ó. Kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni, bóyá ó fẹ́ mọ bó ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Igi náà bọ́ lu apá àga.

Kó.

Ó tẹ́tí. Nísàlẹ̀, àga kan ha ilẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ẹni tí orúnkún ń ro, tó ń di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, tó ń gòkè bọ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìdúró. Ìyá Ìsàlẹ̀ kò retí èkejì.